Igi Kan Ní Ojú Ọ̀nà

Ní oko, a mọ igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A mọ ìrókò tó wà ní ààlà. A mọ igi igbá tí ìyá wa ń ká èso rẹ̀ fi ṣe irú. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ìlú ńlá bíi Lomé, ǹjẹ́ a ṣì ń rí igi?

Orúkọ Lomé fúnra rẹ̀ ti ara igi wá. Ìtàn àwọn ẹ̀yà Ewe sọ pé ọdẹ kan tó ń jẹ́ Dzitri ló tẹ ibẹ̀ dó. Wọ́n pè é ní Alotimé, èyí ni "àárín igi alo". Alo ni igi tí wọ́n ń gé ṣe orín. Lónìí, ènìyàn mélòó ní Lomé ló lè fi igi alo kan hàn wá? Orúkọ ń pẹ́ ju igi lọ, ṣùgbọ́n orúkọ kì í ṣíji bo ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo igi kan ní ojú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ igi tí ewé rẹ̀ korò, tí a ń sè fún ibà, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní dóńgóyárò. Obìnrin tó ń ta ayimolou lábẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó mọ ibi tí ibòòji rẹ̀ ń wà ní òwúrọ̀, ó sì mọ ibi tí yóò sún sí ní ọ̀sán. Onízémidjan mọ̀ ọ́n, nítorí àwọn èrò máa ń wí fún un pé, "Gbé mi dé abẹ́ igi náà." Ẹni tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù rí i, ṣùgbọ́n ohun tó dí òun lọ́nà ló rí. Ẹni tó wà nínú mọ́tò kọjá lọ, kò rí nǹkan kan.

Igi kan náà ni. Kí ló dé tí wọn kò rí ohun kan náà? Ìdí ni pé ohun tí igi ń ṣe fún wa ni ojú wa ń rí. Ẹni tí igi kò ṣe nǹkan fún lè gé e láìronú.

Ẹlòmíràn yóò ní: "Ẹ gé e, a ó gbin mẹ́wàá mìíràn." Láti ọdún 1977, ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ni ọjọ́ igi ní Tógò, tí àwọn ènìyàn ń gbin igi. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n igi mẹ́wàá tí kò ga ju orúnkún lọ kò lè ṣíji bo obìnrin kan. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì mọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ta ni yóò bu omi sí wọn? Ta ni yóò lé ewúrẹ́ kúrò?

Ní àdúgbò Bè, igbó òrìṣà kan wà láàárín ilé. Ìbẹ̀rù òrìṣà ló dáàbò bò ó. Igi ojú ọ̀nà kò ní òrìṣà. Àwa tí a mọ̀ ọ́n nìkan ló ní.

Èyí kò wí pé kí a má gé igi mọ́. Igi tó ti jẹrà lè wó pa ènìyàn. Àní, ẹni tó mọ igi náà ló ń tètè rí i pé ó ti ń jẹrà. Ohun tó tọ́ ni pé kí ẹni tó fẹ́ gé igi kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń jókòó lábẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ lè jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ni ibòòji.

Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n igi kan ń dá ibòòji ṣe.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ yan igi kan ní àdúgbò yín. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ ní èdè wa àti ní èdè Ewe. Ẹ béèrè ẹni tó gbìn ín. Ẹ wá mú bíírò, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín.