Básíláì Ará Gílíádì: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Àgbà àti sí Àwa Ọmọ Wọn

Kíkà: II Sámúẹ́lì 19, ẹsẹ 31 dé 39.

Ẹni ọgọ́rin ọdún ni ọkùnrin tí a ń kà nípa rẹ̀ yìí. Nígbà tí Dáfídì ọba sá fún Ábúsálómù ọmọ rẹ̀, tí ó dé Máhánáímù pẹ̀lú ebi àti àárẹ̀, Básíláì wà lára àwọn tí ó gbé ibùsùn àti oúnjẹ lọ pàdé rẹ̀. Nígbà tí ogun parí, tí ọba sì ń padà lọ sí Jerúsálẹ́mù, ó fẹ́ san oore náà. Ó ní kí bàbá náà bá òun ká lọ sí ààfin, kí òun máa tọ́jú rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kì yóò sáré di ẹrù rẹ̀? Ṣùgbọ́n bàbá náà kọ̀. Ó sọ fún ọba pé ẹnu òun kò mọ adùn oúnjẹ mọ́, etí òun kò sì gbọ́ ohùn akọrin dáadáa mọ́. Ìlú òun ni òun fẹ́ padà sí, níbi tí ibojì bàbá àti ìyá òun wà. Ó fi Kímhámù rọ́pò ara rẹ̀, ó sin ọba kọjá Jọ́dánì, ọba súre fún un, ó sì padà sí ilé rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ọba kò fi ipá mú un. Nítorí èyí gan-an ni mo ṣe mú kálámù, nítorí èmi ti ṣe ohun tí Dáfídì kò ṣe.

Ní Èsìẹ́ ni ìyá mi ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi kọ́. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà ọyẹ́, ó dìde lóru láti lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó fi ẹsẹ̀ kọ garawa omi tí a gbàgbé sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Gbogbo àwa ọmọ péjọ, a ní ó tó gẹ́ẹ́. A kó o lọ sí Ìlọrin, sí ilé àbúrò mi, a fi í sórí àga tìmùtìmù. Bí ó bá fẹ́ fọ àwo, a ó ní, "Ìyá, ẹ jókòó." Bí ó bá fẹ́ dé ìta, "Ìyá, ẹ jókòó." Òfin karùn-ún ni a rò pé a ń pa mọ́. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, obìnrin tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìsìn, tí ó sì ń ro oko ẹ̀fọ́ rẹ̀, kò lè dìde lórí àga mọ́ àfi bí a bá fà á lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè pé ọjọ́ wo ni òní. Ní ọjọ́ kan tí mo lọ kí i, ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé ère ni ẹ fẹ́ fi mí ṣe ni?"

Àwa ará Ìgbómìnà kò nílò ògbufọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà. Ère òkúta tí ó wà ní Èsìẹ́ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì jókòó sórí àpótí. Ní ọdún 1933 ni Ramshaw, alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., ròyìn wọn fún àwọn ará òde. Ní ọdún 1945 ni a sì dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ fún wọn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ohun rere ni. Òrùlé àti olùṣọ́ tó fún òkúta, òkúta sì lè jókòó fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn kì í ṣe òkúta. Iṣan tí a kò lò a máa rọ, egungun tí kò ru ẹrù kankan a máa fúyẹ́, ẹsẹ̀ tí ó sì ti rọ báyìí ni yóò tún gbé ni ṣubú. A bẹ̀rù ìṣubú, a sì ń fi ọwọ́ ara wa pèsè òmíràn.

Ìṣubú kì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Ní ọdún 2003 sí 2004, àwọn oníṣègùn Ìbàdàn ṣe ìwádìí láàrín àwọn tí ó ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ, tí wọ́n ti pé ọdún 65, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá, Kwara sì wà nínú wọn. Nínú márùn-ún wọn, ó ju ẹnì kan lọ tí ó ti ṣubú láàrín ọdún kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní nǹkan bí 684,000 ènìyàn ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún ní gbogbo ayé, àwọn tí ó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Èlí àlùfáà pàápàá, ẹni ọdún 98 tí ojú rẹ̀ ti fọ́, láti orí àga ni ó ti ṣubú sẹ́yìn kú. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí àwọn ọmọ Èlí. N kò tíì gbọ́ ọ̀kan lórí ojú rẹ̀.

Ojú ṣe pàtàkì. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé kataráàtì, èyí tí ń bo ojú bí kùrukùru, ni ó ń fọ́ ojú àwọn àgbà wa jù lọ. Iṣẹ́ abẹ ń mú un kúrò. Síbẹ̀, nínú àwọn ojú tí a ti tọ́jú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí ó jẹ́ pé àwọn olóògùn tí ń ti ìlú dé ìlú ni ó fi abẹ́rẹ́ tì í sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ni ó sì fọ́ pátápátá. Ẹ̀yin àgbà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé ojú yín fún wọn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ní àmì. Ẹni tí ó ní "kò sí ohun tí ń ṣe mí" lè wà nínú ewu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa wọ̀n ọ́n fún yín, ẹ má sì ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ara yá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní àìnígbàgbọ́ nìyí, kí ó rántí pé oníṣègùn ni Lúùkù.

A dá ìyá mi padà sí Èsìẹ́. Kí ó tó dé, a gbé àtùpà olóòrùn kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, káfíńtà kan igi ìdìmú láti yàrá dé ilé ìyàgbẹ́, a kó ẹní tí ó ya kúrò nílẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan tí ń lọ sílé ẹ̀kọ́ sì ń sùn tì í. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. A ra ọkọ́ kékeré fún un. Àwọn kan bá mi wí ní gbangba pé, èmi ọmọ ìjọ, mo fi ìyá mi sílẹ̀ kí ó máa ro oko. Ó dùn mí púpọ̀, n kò sì ní purọ́ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n mo rò pé ìbẹ̀rù ohun tí ènìyàn yóò wí ni ó gbé ìyá mi lọ sórí àga tìmùtìmù náà, ju ìfẹ́ lọ.

Ẹ̀yin àgbà pẹ̀lú, ẹ má ṣe fi ìṣubú pamọ́ fún wa, ẹ má sì kọ ọ̀pá nítorí ojú ayé. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ fẹ́ fẹ̀yìn tì, ẹ má ṣe lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ọjọ́ kejì. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àgbà ni ó lè dá gbé. Ẹni tí iyè rẹ̀ ń ṣá kò gbọdọ̀ dá wà, Olúwa sì sọ fún Pétérù pé nígbà ogbó rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò di àmùrè fún un. Bí ọjọ́ náà bá dé, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí àwa ọmọ má ṣáà fà á wá kí àkókò rẹ̀ tó tó.

Ní oṣù tí ó kọjá, mo ya Èsìẹ́ láti Òmù-Àrán láìránṣẹ́ ṣáájú. Ìlẹ̀kùn wà ní títì. Aládùúgbò ní ìyá ti gbé ẹ̀fọ́ lọ fún àwọn Ẹgbẹ́ Ìyá ní ilé ìsìn. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo sì dúró dè é fún wákàtí kan.