ẸNI TÍ Ó MỌ̀ WÁ NI YÓÒ DÚRÓ FÚN WA

Ẹ ka: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18:1–3, 24–28, Róòmù 16:3–4.

 

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù dé Kọ́ríńtì, àlejò ni. Àkúílà àti Pírísílà aya rẹ̀ náà, àlejò ni wọ́n, nítorí Késárì ti lé àwọn Júù kúrò ní Róòmù. Iṣẹ́ àgọ́ pípa ni gbogbo wọn ń ṣe. Pọ́ọ̀lù bá wọn gbé, ó sì bá wọn ṣiṣẹ́. Ibi iṣẹ́ ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bá a dé Éfésù. Nígbà tí ewu sì dé, wọ́n fi ẹ̀mí wọn wéwu nítorí rẹ̀.

Tiwa ńkọ́, ní Ṣàngó-Ọ̀tà yìí? Láàárọ̀ kùtù, àwọn ọ̀dọ́ wa ti dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ń wá iṣẹ́ òòjọ́. Bí ọ̀gá bá wá fẹ́ gbà wọ́n títí lọ, yóò ní kí wọ́n mú onídùúró wá. Ìgbà náà ni àwọn kan á sáré dé ọ́fíìsì ìjọ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́: "Bàbá Akọ̀wé, ẹ dákun, ẹ bá mi sáìnì." Ìwọ ta ni, ọmọ wa? Ẹgbẹ́ wo lo wà? Ta ló mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ? Wọn kì í rí èsì fọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ẹrù ọ̀gá bá sọnù, ọ̀dọ̀ onídùúró ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ wá.

Lóòótọ́, ènìyàn ni aṣọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọdún kọ́ là ń gbé aṣọ lọ fún télọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ yín láti ìsinsìnyí. Ẹ tètè máa dé ibi iṣẹ́, ẹ kọ́ ẹnìkejì yín ní ohun tí ẹ mọ̀, ẹ bẹ aláìsàn wò, ẹ kí ènìyàn lọ́jọ́ tí ẹ kò ní nǹkan í tọrọ.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti di fóòmáànù, bí àyè bá ṣí sílẹ̀, ẹ má fi pamọ́. Ẹ má gbowó lọ́wọ́ ọmọ ìjọ kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀ fún ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ má purọ́ gbe ọ̀lẹ o. Irọ́ kan ṣoṣo lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ogún ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà. Olúwa yóò fi ẹni rere pàdé wa, yóò sì fi wá ṣe ẹni rere fún ẹlòmíràn. Àmín, Àṣẹ. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún o.