Iṣẹ́ Ẹrú, Jíjẹ́ Ọmọ

Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí pẹ̀tù sí ọmọ nínú: gbà, má jiyàn, ṣáà fọgbọ́n ṣe é. Èmi ò gbà pé gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Nígbà tí Shirley Chisholm wọ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ní 1969, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀, ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Brooklyn ló ti wá, níbi tí ilé ti fún mọ́ra wọn. Ta ni yóò gbin àgbàdo níbẹ̀? Ó kọ̀ jálẹ̀, lójú ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé! Wọ́n gbé e lọ sí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Àwọn yẹn, wọ́n wà ládùúgbò rẹ̀.

Ní 1972 ó du ipò ààrẹ, kò wọlé. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, 1974 ló fi tọmọ jẹ́ ẹ jù, nígbà tí òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ kan àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé olówó. Ó wà lára àwọn tó jà fún un. Ìyá rẹ̀ ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.