Owó Tí A Ń Ná Nítorí Igún

Olùkọ́ kan bi mí láìpẹ́ yìí pé: Nígbà tí ọmọ tálákà ń kú nítorí àìrí oògùn ibà rà, èrèdí rẹ̀ tí a fi ń náwó láti dáàbò bo ẹyẹ àti ẹranko ìgbẹ́? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹlẹ́gàn. Ẹ̀mí ènìyàn ṣe iyebíye ju ti ẹyẹ lọ. Bí a bá sì lé àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ baba rẹ̀ nítorí ẹranko, tí a kò fún un ní nǹkan kan, àìṣòdodo ni.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó dé bá ilẹ̀ Íńdíà. Àìmọye igún ni ó wà níbẹ̀ rí; àwọn ni wọ́n sì máa ń jẹ òkú màlúù tán kí ó tó rà. Lẹ́yìn ọdún 1990, àwọn tí ń sin màlúù bẹ̀rẹ̀ sí fi oògùn ìrora kan, diclofenac, tọ́jú ẹran wọn. Igún tí ó bá jẹ òkú irú ẹran bẹ́ẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ a bàjẹ́, a sì kú. Kò pẹ́ tí irú igún mẹ́ta fi fẹ́rẹ̀ẹ́ run. Nínú 100, ó lé ní 90 tí ó ṣègbé. Òkú màlúù wá ń rà nílẹ̀, ajá ìgboro ń pọ̀ sí i, àrùn dìgbòlugi sì ń bá wọn rìn. Ní ọdún 2006 ni ìjọba fi òfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn, nígbà tí ibi ti ṣẹ̀ ná. Àwọn amòye tí wọ́n tẹ ìṣirò wọn jáde ní ọdún 2024 fojú díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó bá a lọ láàárín ọdún 2000 sí 2005. Ta ni yóò wí pé ẹyẹ nìkan ni owó ààbò igún ìbá gbà là?

Nílé tiwa ńkọ́? Àwọn baba wa wí pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Síbẹ̀ orí igún ń bẹ lórí àtẹ àwọn lẹ́kùlẹ́jà, láti ọdún 2015 ni a sì ti ka igún tí a mọ̀ jù ní ilẹ̀ wa mọ́ àwọn ẹyẹ tí ìparun wọn kù sí dẹ̀dẹ̀.

Nítorí náà, èsì mi fún olùkọ́ náà nìyí: owó tí a fi ń tọ́jú ẹyẹ kì í ṣe ọ̀tá ọmọ tálákà, bí a bá fi ọgbọ́n ná an. Èyí tí ó tẹ aláìní mọ́lẹ̀ ni ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n èyí tí a háwọ́ rẹ̀ títí ajá dìgbòlugi fi bu ọmọ náà jẹ, òun ni ó kéré jù.