Ibi Tí Òróró Kò Gbọdọ̀ Kàn

Ọjọ́ tí mo gbé Hilux mi délé, wòlíì wa ta òróró ólífì sí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi ìka kan táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì gbàdúrà pé gbogbo ìrìn rẹ̀ á máa lọ geere, pé kò ní í fara ha ohunkóhun láyé. Mo ṣe àmín títí ohùn mi fi há. Oníbúrẹ́dì ni mí ní Ajégúnlẹ̀, ọkọ̀ yẹn ló ń bá mi kó fúláwà láti Àpápá. Ta ni kò ní í ṣe àmín?

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, 20 àpò fúláwà ló wà lẹ́yìn ọkọ̀, 50 kílò ni ìkọ̀ọ̀kan, tọ́ọ̀nù kan gédé. A wà lórí Creek Road. Mo ki gíá kẹta bọ̀ ọ́, mo tẹná mọ́ ọn, ẹ́ńjìnì han gooro, ṣùgbọ́n tánkà epo tó wà níwájú wa ń jìnnà sí wa. Òórùn kan gba inú ọkọ̀, àfi bíi pé wọ́n da irun àti rọ́bà pọ̀ sínú iná. Mo ti ń pe orúkọ Jésù, mo ti ń ka orúkọ àwọn tí mo rò pé wọ́n ń bínú sí búrẹ́dì mi. Ọmọ tó ń bá mi já ẹrù kàn wo iwájú, ó ní, “Mọ́mì, kílọ́ọ̀ṣì ni.”

Alájì tó ń tún ọkọ̀ ṣe nítòsí Boundary ló bá mi tú u. Ó yọ ọ̀pá gígùn tó ń yí táyà ẹ̀yìn, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ méjì dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n fi àyà gba gíábọ́ọ̀sì bí ẹni gba ọmọ tuntun. Alájì fa dísìkì kílọ́ọ̀ṣì yọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. “Màmá, ẹ fọwọ́ pa á wò.” Mo fọwọ́ pa á. Ó ń yọ̀ bí àwo tí wọ́n fi jẹ ilá. Síìlì tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì ló ti jẹ, tí epo ẹ́ńjìnì ń kán sórí dísìkì lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó pààrọ̀ dísìkì yẹn fún mi ṣáájú kò wo síìlì rárá, bẹ́ẹ̀ ni síìlì ọ̀hún kò tó owó àpò fúláwà kan.

“Gbogbo ibi tí irin ti ń ha irin nínú ọkọ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún epo,” Alájì wí. “Ibi méjì ni kò fẹ́ ẹ: bíréèkì, àti ibí yìí. Ibi tó ń dá a dúró, àti ibi tó ń gbé e lọ.”

Òróró wòlíì kọ́ ló débẹ̀ o, mi ò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dúró tí mo di dísìkì yẹn mú, àmín tí mo ti ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti wà nínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnì ń yí, kì í sinmi. Táyà ní tirẹ̀ ní láti dúró nígbà mìíràn. Ohun tó ń so ẹni tí kì í sinmi mọ́ ẹni tó fẹ́ gbéra kò ju dísìkì pẹlẹbẹ kan lọ, tí ojú rẹ̀ ṣe bíi sánpépà, tí irin méjì há sáàárín: flywheel níwájú, pressure plate lẹ́yìn. Kò sí eyín tó fi bù wọ́n jẹ, kò sí bóòtù tó dè é mọ́ wọn. Híha yẹn nìkan ló ń gbé tọ́ọ̀nù fúláwà kan rìn. Ará Faransé kan, Guillaume Amontons, ti gbé e síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé láti 1699 pé bí ohun tó tẹ nǹkan méjì mọ́ra bá ṣe wúwo sí ni wọ́n ṣe ń di ara wọn mú sí. Ohun tí Alájì náà rí nìyẹn tó fi ní kí n má ra irú pressure plate ti tẹ́lẹ̀ mọ́, kí n ra èyí tí sípíríìngì rẹ̀ le jù ú lọ, torí ẹrù mi. Wọ́n tún gbé flywheel lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi lathe gé irin, ó ha dídán ojú rẹ̀ kúrò. Owó gidi ni mo san kí wọ́n tó bá mi ba dídán jẹ́!

Ó wá ku ọ̀pá gíá. Búùṣì ìdí rẹ̀ ti jẹ, bí mo bá dì í mú, ńṣe ló ń ṣe bí orógùn nínú ìkòkò ẹ̀kọ. Alájì pààrọ̀ búùṣì, ó fi ọ̀pá tó kúrú díẹ̀ sí i. Ní báyìí, bí gíá kẹta bá wọlé, ọwọ́ mi ló ń kọ́kọ́ gbọ́ “kà” kí etí tó gbọ́ ọ.

Àwọn tó mọ Ifá máa ń sọ pé orí nìkan kọ́ ló ń gbé ẹni débi tó ń lọ, ẹsẹ̀ náà ní ìpín níbẹ̀. Ẹnu bàbá mi àgbà ni mo ti gbọ́ ọ, kó tó di pé a di aláṣọ funfun, n kò sì bi í léèrè rí pé kí ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Orí rere pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ tó ń han gooro bí ẹ́ńjìnì mi, tí ẹsẹ̀ kò kúrò lójú kan. A máa ń ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Èmi rò pé ibi tí nǹkan ti ń ha wá lára ló wà láàárín: ọ̀gá tó le, oníbàárà tí kì í gba búrẹ́dì tó bá rì, ọkọ tó ń béèrè ìṣirò owó. Ibẹ̀ ni agbára orí ti ń bọ́ sí ẹsẹ̀. Ó sì yẹ kí oníbúrẹ́dì ti mọ̀ tipẹ́, torí ìyẹ̀fun pípò tí mílì kò bá lọ̀ dáadáa, bó ti wù kí ìwúkàrà rẹ̀ pọ̀ tó, á kàn rì ni. Bí a bá gbàdúrà pé kí ibẹ̀ máa lọ geere, tí Ọlọ́run sì gbọ́, a ti ta epo sí dísìkì.

Àwọn oníwàásù á fẹ́ gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi pé, ẹ ẹ̀ rí i, ìyà dára, ẹ máa fara dà á. Ó tì o. Kílọ́ọ̀ṣì kì í kú níbi tó ti di irin mú. Ìgbà tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́ tán, tí kò sì fi í sílẹ̀ tán, tó ń ha tó sì ń yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ló ń kú. Ooru ń jáde, ìrìn kò sí. Ẹni tó bá gba Creek Road láwọn ọdún tó ṣáájú 2021 mọ ohun tí mò ń wí: tírélà tò lọ súà, àwọn dẹ́rẹ́bà ń sùn sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń se oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó wọ èbúté. Ní 27 oṣù Kejì 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n pè ní Ètò, pé kí tírélà dúró sí gáréèjì títí wọ́n á fi pè é. Lákòókò tí ìlà yẹn le jù, mo gbọ́ oníwàásù kan tó ní Ọlọ́run ló ń fi gòsílóò kọ́ wa ní sùúrù. Òórùn kílọ́ọ̀ṣì ni mò ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọlọ́run kọ́ ló to tírélà. Ìnira tó di èèyàn mú tó sì gbé e síwájú, mo gbà pé Olódùmarè mọ̀ sí i. Èyí tó kàn ń ha wá lójú kan, ẹ má dárúkọ Ọlọ́run mọ́ ọn létí mi.

Mo sọ èyí fún Alájì. Ó ní nínú Súrà 94, pẹ̀lú ìnira ni ìrọ̀rùn wà, wọn kò sọ pé lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní mo gbọ́, ẹni tí ẹrù rẹ̀ jẹrà sínú kọ̀ǹténà lórí ìlà ńkọ́, ibo ni ìrọ̀rùn tirẹ̀ wà? Ó nu ọwọ́, ó wo ilẹ̀. “Màmá, ìyẹn kọjá kílọ́ọ̀ṣì.” Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí kò purọ́ fún mi.

Pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, orúnkún òsì mi sì mọ̀ ọ́n lára. Wòlíì tún gbé ìgò òróró dé lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Mo tẹ orí ba, mo ní kó ta á sí mi lórí dáadáa, kó sì fi díẹ̀ pa orúnkún yẹn. Ní ti ọkọ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà gbàdúrà kí síìlì má jò.