Orúkọ Ọlọ́run Lẹ́nu Ta?

Ní ìpàdé wa kan ni ẹnì kan ti béèrè pé, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fi ń tu ẹnì kan nínú, tó sì ń di pàṣán lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ọdún 1821 ni a kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó wa yìí, sọ́wọ́ àwọn Potogí. Ọkọ̀ tí wọ́n kó o sí ní 1822 ń jẹ́ Esperança Feliz, èyí ni Ìrètí Aláyọ̀. Ìrètí Aláyọ̀, nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀! Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrú mìíràn ń jẹ́ orúkọ Màríà àti ti àwọn ẹni mímọ́. Èyí tí John Hawkins fi kó ẹrú ní 1564 ń jẹ́ orúkọ Jésù gan-an. Onígbàgbọ́ ni àwọn olówò wọ̀nyí ń pe ara wọn. Bẹ́ẹ̀, Bíbélì kan náà ni John Wesley baba wa ń kà kí ó tó kọ ìwé tako òwò ẹrú ní 1774.

Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Àjàyí sílẹ̀, ó dé Sàró, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825: òun ni Samuel Crowther. Ní 1846 ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ ro ó wò: ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láìmọ̀ bóyá ọmọ kú tàbí ó wà láàyè! Nígbà tí ìyá náà ṣe ìrìbọmi ní 1848, Hánà ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Ohun tí a rí nínú ìtàn yìí ni pé kí a máa wo ẹni tí ń jèrè. Olówò ẹrú ń jèrè nínú orúkọ tó kọ sára ọkọ̀. Ta ló jèrè nínú ìtùnú Hánà bí kò ṣe Hánà fúnra rẹ̀?

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí, a ti rí opó tí àwọn ẹbí ọkọ ń sọ fún pé àmúwá Ọlọ́run ni, kí ó gba kámú, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ yàrá ọkọ rẹ̀ ti wà lápò wọn. A ti rí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, tí wọ́n ní kí ó ju oògùn dókítà nù, kí ó wá ra òróró àdúrà.

Ṣùgbọ́n kí a má tọ́ka sí ẹlòmíràn nìkan. Arábìnrin wa kan pàdánù ọmọ kan ṣoṣo tó bí. A lọ kí i, a ní kí ó má sunkún mọ́, pé Ọlọ́run fẹ́ràn ọmọ náà jù ú lọ ni. Kí a sọ òtítọ́: ẹkún rẹ̀ ń dà wá láàmú, a sì fẹ́ tètè kọjá lórí afárá Carter kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àwa náà ń wá èrè tiwa. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù tilẹ̀ kọ́kọ́ sàn jù wá lọ: ọjọ́ méje, òru méje ni wọ́n fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀, kí wọ́n tó la ẹnu tí wọ́n sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ìyá àgbà kan wà nínú wa lọ́jọ́ náà tí kò bá wa padà. Ó ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fọ abọ́ tó wà nílẹ̀, ó fẹ́ iná, ó gbàdúrà jẹ́jẹ́, ó sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá náà ni arábìnrin wa ṣì máa ń béèrè lọ́wọ́ wa.