Àpótí Ọtí Inú Pálọ̀

Ẹmu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tí adẹ́mu gbé délé láàárọ̀ ti ń kan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹni tí ó bá yà ní í bá onílé mu ún. Ṣùgbọ́n wisikí inú báà, àpótí onígíláàsì tí àwọn ọlọ́lá ń kàn sí igun pálọ̀, lè lo ọdún 20 láìbàjẹ́ bí a kò bá ṣí i. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn wà: onílé ti rí àyè yan ẹni tí yóò fún. Ọ̀gá dé, kọ́kọ́rọ́ yọ. Ìbátan ti oko dé, omi ni. (Omi kò burú, òun la kọ́kọ́ ń fún àlejò.) Èmi kò rí ẹ̀tọ́ nínú kí a máa fi ohun tí a kò ní fi lọ àlejò hàn án. Wọn yóò ní owó gọbọi ni àwọn fi rà á. Òótọ́ ni, kí wọ́n gbé e sí ìyẹ̀wù nígbà náà, níbi tí ojú ìbátan kò ti ní tó o.